Àmì Kẹsàn-án

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tún ń kà níbẹ̀?"

Mẹkáníìkì ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ agbowó-orí tó dúró lábẹ́ pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Agbowó-orí náà gbé orí sókè, ó na ìka, ẹnu rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti ka lẹ́tà tán. Lẹ́tà mẹ́wàá ló wà lójú pátákó náà, A Ń TÚN ỌKỌ̀ ṢE, owó lẹ́tà mẹ́wàá náà sì ni mẹkáníìkì mú dání. Ṣùgbọ́n ìka ọkùnrin náà kò sọ̀ kalẹ̀.

"Àmì ni mò ń kà," ó dáhùn. "Ọ̀kan lórí N. Ọ̀kan lórí U. Ọ̀kan lábẹ́ O àkọ́kọ́. O kejì ní tòkè, ó tún ní tabẹ́. Ọ̀kan lábẹ́ S. Mẹ́fà nìyẹn. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ mẹ́wàá, ó di mẹ́rìndínlógún. Orí mẹ́rìndínlógún lẹ máa sanwó lé."

"Àmì kì í ṣe lẹ́tà o."

"Òfin ò sọ pé lẹ́tà. Òfin sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi ọ̀dà kọ sójú pátákó. Àbí kò sí lójú pátákó ni?"

Ọkùnrin tó kọ pátákó náà jókòó lórí táyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ pátákó ní àdúgbò yẹn. Alámì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa kọ tí kò ní fi àmì sí, ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti abẹ́. Lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ kọ. Á dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló máa mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn, á wá fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tí ojú ń kán á ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, pé àwọn èèyàn á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ṣé kí n kọ ọ́ síhòòhò ni?"

Ó dìde lórí táyà.

"Ọ̀gá," ó sọ fún agbowó-orí tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, "ta ló ní kẹ́ ẹ máa gba owó orí lórí ohùn ẹnu wa?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Tí wọn ò bá fẹ́ sanwó àmì, kí wọ́n nù ún kúrò."

Ó já ìwé fún mẹkáníìkì, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ohun tó ń dun Alámì jù ni pé òun gan-an ló kọ́kọ́ sanwó pátákó nígbà tí òfin náà jáde. Tayọ̀tayọ̀ ló fi san án. Wọ́n ti kéde lórí rédíò pé owó náà ni wọ́n máa fi tún ilé ìwòsàn àdúgbò ṣe, pàápàá yàrá ìgbẹ̀bí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì wà nínú oyún. Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí. Ìyá ọmọ náà, ìyàwó Alámì, ti di olóògbé, ṣùgbọ́n títí dòní, Alámì kò lè gba ibẹ̀ kọjá kó má rántí bí obìnrin náà ṣe ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún. Ilé méje péré ló wà láàárín ilé ìwòsàn náà àti ilé wọn. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń kùn, òun ló ń bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n san án, pé ibi tí owó náà ń lọ hàn kedere.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, mẹkáníìkì ní kó wá bá òun nu àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò.

"Bá a bá nù ún, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n máa kà," Alámì sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á bó ṣe wù wọ́n, Bàbá. Owó àmì yẹn máa ra irinṣẹ́ fún mi."

Wọ́n nù ún. Kí ọjọ́ tó rọ̀, obìnrin kan tó ń kọjá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ka pátákó náà ketekete: "A ń tún ọkọ ṣe." Ó ní òun á gbé tòun wá lọ́la, pé kì í tètè gbaná láàárọ̀, èéfín tó ń rú lẹ́nu rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Gbogbo àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì pàápàá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Alámì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Aránṣọ tó dojú kọ wọ́n pè é kó wá nu tòun náà, làwọn aláwàdà bá sọ aṣọ tó ń rán di asọ̀, wọ́n ń bi í pé eélòó ni ìjà. Onífọ́tò nu tirẹ̀. Nígbà tí àmì tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu lẹ́tà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ pátákó kúrò pátápátá, ẹlòmíràn fi tirẹ̀ dí ihò ògiri. Àlejò tó bá wọ àdúgbò náà kò mọ ilé aránṣọ yàtọ̀ sí ilé onífọ́tò mọ́, ńṣe ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn kọjá lọ. Ọjà kú. Ìjọba wá sọ lórí rédíò pé owó pátákó tó ń wọlé ti dín kù, nítorí náà àwọn máa fi kún iye tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń san. Irú orí wo ni wọ́n fi ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Odidi oṣù mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò fi pe Alámì síṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín náà gbẹ, ó gan sínú ife.

Àtúnṣe ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ká má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n kun ògiri. Wọ́n gbé géètì irin gàgàrà kan wá tí wọ́n fi irin ṣe òdòdó sí lára, wọ́n gbẹ́ kòtò sí ọgbà iwájú, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń tú omi sókè sínú rẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gba ìwé pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó ń yẹ ọmọ Alámì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, wá dágbére fún wọn.

"Wọ́n ní kò sí owó oṣù wa nínú ètò ìṣúná ọdún yìí," ó ní. "Owó géètì ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi, má jókòó sílé o. Bí ara bá ti yí padà báyìí, ilé ìwòsàn ńlá ni kó o forí lé."

Ilé ìwòsàn ńlá náà tó wákàtí kan àbọ̀ lójú ọ̀nà, wọn kì í sì í fọwọ́ kan aláboyún níbẹ̀ bí kò bá tíì sanwó. Ọkọ ọmọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni ohun tó ń fi ránṣẹ́. Ohun tí Alámì fi ń sùn tó sì fi ń jí nìyẹn: ibi tí ọmọ òun máa bímọ sí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àkókò rẹ̀ pé nígbà tí agbowó-orí gun alùpùpù rẹ̀ wá sílé wọn.

"Bàbá, iṣẹ́ ni mo gbé wá o. Ẹ má bínú sí mi mọ́."

Pátákó kan ni. Ẹ̀gbẹ́ géètì ilé ìwòsàn ló máa wà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí ibẹ̀, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Wọ́n ti tẹ ohun tó máa kọ sórí ìwé kan, láìsí àmì kankan. Alámì fúnra rẹ̀ ló fi àmì sí i lọ́kàn bó ṣe ń kà á: IṢẸ́ OWÓ ORÍ YÍN NÌYÍ.

Ó tún un kà.

"Iṣẹ́ wo?"

"Ẹ ò rí géètì ni, Bàbá?"

"Agbẹ̀bí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ní kí wọ́n padà?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Pátákó ló wà lọ́wọ́ mi."

"Àmì ńkọ́? Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ kà á ni, kí n tó mọ iye tí mo lè fi sí i?"

Agbowó-orí rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi iye tó bá wù yín sí i. Pátákó ìjọba kì í sanwó pátákó."

Inú bí Alámì. Ó fẹ́ ká ìwé náà, kó dá a padà fún ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù tí kò fẹ́ kó dà. Alámì gba iṣẹ́ náà. Ìdajì owó tí wọ́n san sílẹ̀ ló fi forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, ìdajì tí wọ́n máa san lẹ́yìn iṣẹ́ ló fi pamọ́ lọ́kàn de ọjọ́ ìbímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ lẹ́tà mẹ́rìndínlógún náà tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, funfun lórí búlúù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ń dúró kí wọ́n gbẹ, ló bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí kò dákẹ́. Mẹkáníìkì ló ń wa ọkọ̀ náà bọ̀. Ọmọ Alámì wà lẹ́yìn, ó fi eyín di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ó ti ń rọbí láti ìdájí," mẹkáníìkì ní. "Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé kò tíì tó àkókò."

Alámì yíjú sí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. "Ṣí i."

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ọ̀dà ilẹ̀ ò tíì gbẹ, kí ẹsẹ̀ kankan má tẹ̀ ẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀."

"Ọmọ mi ń rọbí."

"Mo rí i." Ọlọ́dẹ náà di irin géètì mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò lè wo inú ọkọ̀. "Mo rí i, Bàbá. Ká ní mo tiẹ̀ já a, ta lẹ máa bá níbẹ̀?"

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọgbà, ẹ̀rọ náà ń tú omi sókè. Wọ́n ń dán an wò de Ọjọ́bọ̀ ni.

Wọ́n gba ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá. Mẹkáníìkì sá eré tí ọkọ̀ lè sá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdajì, wọ́n bọ́ sí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n ní owó tán lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ inú kò ti dúró mọ́. Orí àga ẹ̀yìn ni wọ́n bí i sí, láàárín kòtò sí kòtò. Ọmọbìnrin ni. Okùn ìwọ́ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Alámì fi ìka tó fi ń di búrọ́ọ̀ṣì mú gbìyànjú láti tú u. Ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa tú u, ọmọ náà kò ké. Wọ́n dúró kó ké. Mẹkáníìkì pa ọkọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Dókítà tó gba ìyá ọmọ náà sílé ìwòsàn jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tó láàánú. Ó sọ fún Alámì jẹ́jẹ́ pé títú okùn yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni fún agbẹ̀bí. Ó rò pé òun ń tù ú nínú.

Wọ́n gbé ìyá ọmọ náà padà sílé ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Kò tíì pẹ́ tó dùbúlẹ̀ tí agbowó-orí fi kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sétí àga.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Mo gbọ́. Èmi fúnra mi máa kọ ọ́ síwèé, kí wọ́n lè fi owó agbẹ̀bí sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀."

"Ọdún tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ti pátákó yẹn, ọ̀la ni. Aṣọ ni wọ́n máa fi bò ó, ọ̀gá wa àgbà ló máa fà á sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bí agbára ò bá sí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà yẹn náà tó. Wọ́n á mọ ohun tá à ń sọ."

Alámì dìde dúró níwájú rẹ̀.

"Ìwọ," ó ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, 'ẹ̀yin' ló ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe. "Ìwọ lo dúró lábẹ́ pátákó, tó o ń ka àmì. Kò sí èyí tó kéré jù tí ojú ẹ fò dá. O ka tòkè, o ka tabẹ́. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí méjì, èèyàn méjì gbáko, ẹ ò rí wọn kà nínú ìwé yín. Omi lẹ rówó fún, kó máa fò sókè, kó máa já sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ san owó yẹn ládùúgbò yìí, mo bá àwọn tí ò fẹ́ san án jà. Owó mi wà nínú géètì tí wọ́n tì mọ́ ọmọ mi."

Agbowó-orí ń wolẹ̀. "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣòfin."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ìwọ. Mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ pé òun ni. Dìde, máa lọ sílé ẹ."

Nígbà tí alùpùpù náà ti lọ, Alámì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti yàrá. Ó wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í gba owó àmì lórí ti ìjọba?"

"Wọn kì í gbà á."

"Ẹ lọ fi sí i."

"Wọ́n ní lẹ́tà yẹn tó."

"Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ rántí nígbà tẹ́ ẹ máa ń gbé mi léjìká, tẹ́ ẹ máa ń ní kí n ka pátákó. Mo ka iṣẹ́, mo gbé ohùn mi wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n tún un kà, pé mo ti sọ olówó di aláìní."

Alámì rántí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà, ó sì ti bú sẹ́kún torí ó rò pé òun ti ba nǹkan ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ó fi ọwọ́ kàn án léjìká. Lẹ́yìn náà ló lọ mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ géètì. Ọlọ́dẹ dìde, ó kí i, ó lọ gbé àkàbà wá. Alámì gun òkè. Ó fi àmì sábẹ́ S. Ó fi méjì sí E, tòkè àti tabẹ́. Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí OWÓ, sí ORÍ àti sí YÍN. Ó fi méjì sí èyí tó gbẹ̀yìn. Kò kánjú. Mẹ́jọ ló jẹ́, mẹ́jọ náà ló sì yẹ kó jẹ́.

"Ṣé ó ti parí, Bàbá?" ọlọ́dẹ béèrè. Aṣọ pupa kan wà léjìká rẹ̀. "Wọ́n ní kí n fi aṣọ yìí bò ó gbàrà tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí i títí tí ọ̀gá wọn fi máa fà á sílẹ̀ lọ́la."

"Ó ku ọ̀kan."

Ó padà síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. I àkọ́kọ́ kò lámì, kò sì yẹ kó ní. Alámì gbé búrọ́ọ̀ṣì lé òkè rẹ̀, ó fà á láti òsì sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún, tíńtín báyìí. Lẹ́yìn náà ló kọ ALÁMÌ sí igun ìsàlẹ̀ pátákó, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé pátákó ìjọba kì í gba orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìdajì owó tó kù, ó ti mọ̀ pé òun kò ní rí i gbà.

Nísàlẹ̀, ọlọ́dẹ ń kà á. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó ti pẹ́ tó kúrò nílé ẹ̀kọ́.

"Iṣẹ́..." ó ní. Ó dúró. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Ìṣẹ́. Ìṣẹ́ owó orí yín nìyí."

Ọlọ́dẹ wo pátákó, ó wo géètì, ó wo yàrá tí wọ́n tì pa nínú lọ́hùn-ún. Alámì dúró lórí àkàbà, ó ń retí kó sọ pé òun máa pè wọ́n.

Ọlọ́dẹ fi ẹsẹ̀ kan ti ìdí àkàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má mì.

"Ẹ fà á kó nípọn díẹ̀ sí i, Bàbá," ó ní. "Ojú àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ò fi bẹ́ẹ̀ ríran."

Alámì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà padà.